Mo Ní Auntie Ni Kò Fẹ́ Iwin Nínú Eré Wa

Èmi ni mo purọ́. Kì í ṣe Auntie. Mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ìyẹn, nítorí tí mo bá bẹ̀rẹ̀ láti ibòmíràn, màá tún máa dá ara mi láre.

Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo máa ń ka ojú ìwé yìí lórí fóònù nígbà ìsinmi níbi iṣẹ́. Mo máa ń rí bí àwọn ènìyàn ṣe ń tú ikùn wọn síbí, tí ẹ sì ń gbà wọ́n nímọ̀ràn. Mi ò rò pé èmi náà máa kọ ọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, obìnrin kan tó tó bí mi lọ́mọ kúnlẹ̀ lójú mi, wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀ṣẹ̀ tí èmi dá. Mo jókòó, mo di ife omi mú. Mi ò sọ nǹkan kan.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wo bí mo ṣe kọ ọ́. Ilé ìwé girama ni mo kà mọ, mi ò sì kà á délẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló mú mi wá sí Toronto. Malton ni mo ti ń ṣiṣẹ́, nílé ìkẹ́rùsí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápákọ̀ òfurufú. Mo ń gbé ẹrù. Ọ̀gá mi níbẹ̀, mo fi ọjọ́ orí jù ú lọ dáadáa. Orúkọ mi ló máa ń pè lásán, á tún máa ta ìka sí mi pé kí n yára. Mi ò sọ èyí kí ẹ lè ṣàánú mi o. Ẹ máa rí ìdí tí mo fi sọ ọ́.

Eré kan wà tí a máa ń ṣe ní ọ̀sán Sátidé, èmi àti àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa. Orí tábìlì ni a ti ń ṣe é, ṣùgbọ́n ẹnu ni a fi ń ṣe é jù. Ẹnì kan á dá ayé kan sílẹ̀ láti inú orí ara rẹ̀, tòun ti ìlú rẹ̀, igbó rẹ̀, ọba rẹ̀ àti ogun rẹ̀. Òun ni olùdarí. Àwọn tó kù á mú ẹni tí wọ́n fẹ́ jẹ́ nínú ayé náà, ọdẹ tàbí jagunjagun, wọ́n á máa sọ ohun tí ẹni náà ń ṣe, olùdarí á sì máa sọ ohun tó tìdí ẹ̀ yọ. Tí ibi kan bá le, wọ́n á ju dáìsì bíi ti lúdò kí wọ́n tó mọ̀ bóyá ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe á ṣeé ṣe. Olùdarí náà ló ń sọ irú ẹ̀yà tó wà nínú ayé rẹ̀ àti èyí tí kò sí. Tó bá ní kò sí, kò sí nìyẹn. Kò sẹ́ni tó ń bá a jiyàn.

Èmi ni olùdarí tiwa. Yorùbá ni mo fi dá ayé tèmi, nítorí èdè Gẹ̀ẹ́sì tó wà nínú ìwé òfin eré yẹn ju agbára mi lọ. Ènìyàn wà níbẹ̀. Aràrá wà, àwọn ló ń rọ irin nínú òkè. Ará odò wà. Iwin náà wà, nínú igbó kan lẹ́yìn odò, àwọn ni àgbà gbogbo ẹ̀yà. Èyí tó kéré jù nínú wọn ti dáyé kí ìlú tó dúró. Mo wá fi òfin kan sí i. Ẹni tó bá pàdé iwin gbọ́dọ̀ dọ̀bálẹ̀ tàbí kó kúnlẹ̀ kó tó lè sọ̀rọ̀. Ọba pàápàá.

Ní tábìlì tiwa, a kì í kàn fẹnu sọ ọ́. Tí ẹni inú eré rẹ bá dọ̀bálẹ̀, wàá dìde lórí àga, wàá dọ̀bálẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì. Báyẹn la ṣe ń ṣe é. Àwọn òbí fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Wọ́n ní ó kéré tán, àwọn ọmọ ń sọ Yorùbá níbẹ̀, wọ́n sì ń mọ̀ ọ́n kí.

Ilé Auntie Bùnmi ni a ti ń ṣe é, ní Scarborough, nínú basement wọn, yàrá abẹ́ ilé. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n, Newmarket ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Tí shift wọn bá parí, wọ́n á dé pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, wọ́n á jókòó sórí àtẹ̀gùn, wọ́n á máa gbọ́ wa. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ìdajì ohun tí mo mọ̀ nípa iwin, ẹnu Auntie ni mo ti gbọ́ ọ. Àwọn ni wọ́n sọ fún mi pé ìyá àwọn máa ń ní inú ògán ni iwin ń gbé. Wọ́n tún bá mi wí lọ́jọ́ kan.

"Wálé, iwin tìẹ yìí ti mọ̀wà hù jù. Fi jàgídíjàgan díẹ̀ sí i jàre. Iwin ni, kì í ṣe díákónì."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Auntie tí mo parọ́ mọ́ nìyẹn.

Kò sẹ́ni tó mú iwin nínú àwọn ọ̀dọ́ yẹn. Idà àti ẹṣin ni wọ́n ń fẹ́. Àfi ìgbà tí Dámi dé.

Ibí ni wọ́n bí Dámi sí. Ó ń lọ sí yunifásítì. Bowmanville ni wọ́n ń gbé, òun, àwọn òbí rẹ̀, àbúrò rẹ̀ obìnrin àti Màmá, ìyá bàbá rẹ̀, tí wọ́n wá láti Abẹ́òkúta. Nígbà tí Dámi kọ́kọ́ wá, ó ń sọ Yorùbá bí ẹni tó ń ṣa eegun nínú ẹja. Tí o bá bá a sọ Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì ni yóò fi dá ọ lóhùn. Ṣeun, aláwàdà tó wà láàárín wa, ló sọ ọ́ ní Òyìnbó Bowmanville. Dámi á kàn rẹ́rìn-ín.

Ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ó mọ òfin eré yẹn jù mí lọ. Ìgbà kan wà tí mo ka dáìsì ṣì, ó rọra sọ pé, "Bọ̀ọ̀dá, I think it's the other way." Kò fi rí mi fín. Òótọ́ ló sọ. Mi ò sì gbàgbé rẹ̀.

Ní Sátidé kan, ó dé, ó ní òun fẹ́ fi jagunjagun òun sílẹ̀, pé iwin lòun fẹ́ jẹ́. Arúgbó obìnrin, ìyá kan tó ń gbé ìdí igi osè. Ó ní Màmá ló ran òun lọ́wọ́. Ó dìde. Ó tẹ ẹ̀yìn ba, ó fi ọwọ́ kan ti ìbàdí, ó sì la ẹnu.

"Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin ẹlẹ́mìí kúkúrú. Ta ló rán yín wá sídìí osè mi? Ṣé ẹni tó rán yín fẹ́ràn yín ṣá?"

Kò sí Gẹ̀ẹ́sì kankan nínú rẹ̀. Ohùn Ẹ̀gbá ló fi sọ ọ́. Láti ìgbà tí mo ti ń darí eré yẹn, kò sí ìgbà tí ayé tí mo dá dà bí ayé gidi lójú mi bí ìgbà yẹn.

Ó wá ṣàlàyé, ó ń da Yorùbá pọ̀ mọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, Màmá á pa àlọ́ fún òun, òun á máa bi wọ́n ní ìtumọ̀ ọ̀rọ̀, Màmá á ní kí òun tún un sọ. Ó ní àbúrò òun náà ti ń wá jókòó tì wọ́n, pé ó ń fi fóònù rẹ̀ sílẹ̀.

Bí Ṣeun ṣe fi ọwọ́ lu tábìlì nìyẹn. "Ó parí! Bọ̀ọ̀dá Wálé, ṣebí ẹ̀yin lẹ ń ṣe ọba? Ẹ bọ́ sílẹ̀, ẹ wá dọ̀bálẹ̀ fún Dámi!"

"Kí wọ́n kọ́kọ́ ṣí fìlà," ẹlòmíràn sọ.

"Dọ̀bálẹ̀ gbalaja o, Kábíyèsí! Àyà gbọ́dọ̀ kanlẹ̀!"

Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń di ikùn mú. Dámi bo ẹnu, ó ń sọ pé, "No, no, Bọ̀ọ̀dá, ẹ má ṣe é, it's fine." Bó ṣe ń bẹ̀ wọ́n ni ẹ̀rín wọn ń pọ̀ sí i.

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo ní kí a kọ́kọ́ jẹun, pé Auntie gbé ìrẹsì sílẹ̀ fún wa.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbìyànjú kí ọ̀rọ̀ mi yé yín. Láti ọjọ́ Ajé dé Jímọ̀, ọmọdé ń pè mí lórúkọ, mo ń dáhùn. Tábìlì yẹn nìkan ni mo ti jẹ́ Bọ̀ọ̀dá ní gbogbo ìlú yìí. Mo wo Dámi, mo sọ lọ́kàn mi pé, níbí náà? Ohun tí mo rò kò ju ìyẹn lọ.

Mo lè pa òfin ìdọ̀bálẹ̀ yẹn rẹ́, èmi náà ni mo ṣe é. Mo lè dọ̀bálẹ̀, kí a rẹ́rìn-ín, kó tán. Mo lè sọ fún un pé ojú ń tì mí. Mi ò ṣe ọ̀kankan. Mo pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìfọṣọ Auntie. Auntie kò sí nílé, wọ́n wà níbi iṣẹ́.

Mo ní, "Dámi, kò sí iwin nínú ayé yẹn mọ́ o. Mo ti yọ ọ́."

"Ti yọ ọ́? Since when?"

"Auntie ló ní kí n yọ ọ́. Wọ́n ní ilé onígbàgbọ́ nilé àwọn, pé àwọn ò fẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀mí àìmọ́ níbẹ̀."

"Auntie Bùnmi?"

"Má lọ bi wọ́n o. Inú wọn ò dùn sí i rárá."

Ó ní, "Do they know it's from Grandma?"

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Mi ò la ẹnu. Orí ni mo mì. Mo ti gbìyànjú láti sọ fún ara mi pé orí mímì kì í ṣe ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó gbọ́ nínú rẹ̀ ni pé Auntie mọ̀ pé àlọ́ Màmá ni, tí wọ́n sì pè é ní ẹ̀mí àìmọ́.

Màá sọ èyí tó burú jù. Mo mọ̀ pé kò ní bi Auntie. Nítorí ìyẹn gan-an ni mo fi dárúkọ wọn. Ká ní Ṣeun ni mo purọ́ mọ́, Dámi á bi Ṣeun lójú ẹsẹ̀, irọ́ á sì já. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa wo ló máa dúró níwájú àgbà, nínú ilé wọn, kó ní kí wọ́n wá ṣàlàyé? Wọ́n kọ́ Dámi dáadáa. Ẹ̀kọ́ yẹn ni mo fi ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Ó mú àgbẹ̀ kan, ènìyàn lásán. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Ṣeun bi mí pé, "Bọ̀ọ̀dá, igbó ẹ̀yìn odò yẹn dà?"

"Ó ti jóná."

"Jóná kẹ̀? Ta ló dáná sí i?"

"Ṣeun, ju dáìsì ẹ."

Ó jù ú.

Àgbẹ̀ Dámi ń ro oko, ó sì ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Nígbà tó yá, kò wá mọ́. Ó ní iṣẹ́ ilé ìwé pọ̀. Lẹ́yìn náà eré yẹn gan-an túká, ẹnì kan ń lọ shift, ẹnì kejì kó lọ sí ibòmíràn. Mo rò pé ọ̀rọ̀ yẹn ti kú.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti rí i pé kò kú. Auntie kúnlẹ̀ kí Màmá lẹ́yìn ìsìn, Màmá dáhùn, wọ́n sì yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Auntie rò pé ó rẹ̀ wọ́n ni. Ó tún ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo mọ̀ nígbà náà pé Dámi ti sọ ọ́ fún Màmá.

"Wálé," wọ́n ní, "kí ni mo ṣe fún Màmá Dámi? Mo kí wọn, wọ́n dá mi lóhùn bí ẹni tó ń dá ọlọ́pàá lóhùn."

Mo ní, "Bóyá òtútù ni, Auntie. Ẹ mọ àgbà àti òtútù."

"Òtútù wo? Nínú ooru yìí?"

Mo ní mi ò mọ̀.

Ọjọ́ kan tún wà, a tò síbi tí wọ́n ti ń pín tíì lẹ́yìn ìsìn, ìyá Dámi wà níwájú mi, wọ́n ń bá ọ̀rẹ́ wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Màmá ò pàlọ́ fún àwọn ọmọ mọ́ o. Wọ́n ní àwọn ti wá mọ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni, pé àwọn ò ní kó èṣù wọlé ọmọ àwọn. Èyí obìnrin ti padà sídìí fóònù. Dámi, àfi 'yes Grandma, no Grandma.'"

Ọ̀rẹ́ wọn ní, "Ta ló sọ irú ẹ̀ fún wọn?"

"Wọn ò sọ. O mọ àgbà."

Mo gba tíì mi, mo jáde. Ibẹ̀ ló ti yẹ kí n sọ̀rọ̀. Ìyá Dámi kò ju ìṣísẹ̀ díẹ̀ lọ sí mi. Mi ò lè sọ fún yín pé mo sunkún tàbí pé ọkàn mi gbọgbẹ́. Mi ò mọ nǹkan kan lára. Bí ìgbà tí ìka bá ti pẹ́ jù nínú yìnyín ni.

Nígbà tó yá, a gbọ́ pé Màmá ń padà sí Abẹ́òkúta kí òtútù ọdún yìí tó dé, àti pé wọn kò ní wá mọ́. Auntie pè mí lórí fóònù.

"Mi ò ní jẹ́ kí wọ́n bínú lọ. Àgbà kì í bínú lásán. Mo ti ṣẹ̀ wọ́n níbì kan."

Mo ní, "Auntie, tí ẹ ò bá mọ ohun tí ẹ ṣe ńkọ́?"

"Ṣé ó dìgbà tí mo bá mọ̀ ọ́n kí n tó bẹ̀bẹ̀? Ìwọ bá mi lọ. Ẹnìkan kì í dá lọ bẹ àgbà."

Bí mo ṣe tẹ̀ lé wọn nìyẹn, lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá. Wọ́n ra ìborùn onírun kan fún Màmá. Nínú ọkọ̀, wọ́n ń sọ̀rọ̀ táyà tí wọ́n ń lò nígbà òtútù, pé ó ti gbówó lórí. Mo ní, "Auntie." Wọ́n ní, "Hẹn?" Mo ní kí wọ́n yà sí ọ̀tún.

Nígbà tí a dé ilé wọn ní Bowmanville, Màmá jókòó lẹ́bàá fèrèsé. Auntie fi orúnkún méjèèjì kanlẹ̀, lórí táìlì lásán. Wọ́n ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀ṣẹ̀ yòówù tí mo bá ṣẹ̀ yín..."

Màmá gbé ọwọ́ sókè. "Má pè é. Má dárúkọ ẹ̀ létí mi. Ó ti tán."

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n mọ̀ ọ́n, kí n má baà tún..."

"Mo ní ó ti tán, Bùnmi. Ohun tó o sọ yẹn, mo ti rò ó sókè sódò. Ẹ̀yin lẹ kà á nínú Bíbélì. Ohun tí ìyá mi fi rẹ̀ mí lẹ́kún làwa mọ̀. Mi ò bá ẹ jà mọ́. Dìde ńlẹ̀."

Auntie yí ojú wò mí. Mo rí i lójú wọn pé wọ́n ń bi mí, kí ni àwọn sọ? Ṣùgbọ́n ẹni tó wá bẹ̀bẹ̀ kì í tún ro ẹjọ́. Wọ́n ní, "Ẹ ṣé, Màmá." Mo wo ilẹ̀.

Dámi sọ̀kalẹ̀ wá. Ó kí Auntie, ó kí mi ní Bọ̀ọ̀dá. Màmá ní, "Dámi, bu omi fún wọn." Ó ní, "Okay, Grandma." Kò sọ ju ìyẹn lọ títí a fi lọ. Àbúrò rẹ̀ wà lórí àga gígùn, ó fi nǹkan di etí méjèèjì, ó ń wo fóònù.

Gbogbo wọn wà níbẹ̀. Gbólóhùn kan péré ló yẹ kí n sọ. Mo mu omi náà tán.

Bí a ṣe ń padà, Auntie ń fi ọwọ́ ra orúnkún wọn níbi tí iná ojú ọ̀nà bá ti dá wa dúró. Inú wọn dùn. Wọ́n ní ẹrù ti kúrò lọ́rùn àwọn. Wọ́n wá ní, "Ṣùgbọ́n Wálé, kí ni mo tilẹ̀ sọ?"

Mo ní mi ò mọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, mi ò ní kí ẹ bá mi gbé e. Ẹ kàn sọ ibi tí màá gbà. Ṣé Auntie ni kí n kọ́kọ́ sọ fún, àbí Dámi? Ẹni tó yẹ kó mú mi lọ bẹ Màmá ni Auntie, àwọn náà sì ni mo ṣẹ̀. Tí mo bá dá lọ, Màmá lè má jẹ́ kí n dárúkọ ẹ̀ṣẹ̀ náà, bí wọ́n ṣe ṣe fún Auntie, kí wọ́n ní kí n dìde, ó ti tán. Àwọn kan nínú yín á sọ pé eré lásán ni, kí n jẹ́ kó lọ. Mo ti gbìyànjú ìyẹn.

Auntie lè bú mi títí, mo mọ̀ pé wọ́n á tún fún mi lóúnjẹ lọ́jọ́ kan. Dámi lè máà kí mi mọ́, mo gbà. Ṣùgbọ́n Màmá ń di ẹrù báyìí. Wọ́n ń padà sí Abẹ́òkúta pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé ohun tí ìyá wọn fi rẹ̀ wọ́n lẹ́kún, èṣù ni, àti pé àwọn fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ba àwọn ọmọ ọmọ àwọn jẹ́. Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ rí. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Mo jẹ Màmá ní gbèsè òtítọ́ yẹn, mi ò sì tíì san án.